Àlùfáà Lọ Wo Ilé Náà

Bíbélì kíkà: Léfítíkù 14:33-48, Máàkù 5:21-34

  Ọ̀rọ̀ tí Olúwa fi sí mi lọ́kàn fún ìwé ìròyìn wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ láti orí àga ìwàásù. Ọ̀rọ̀ àìsàn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí a máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àdúrà wa, bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Àìsàn tí àwọn dókítà kò rí ìdí rẹ̀ ni, tí ẹni tó ń ṣe sì ń sọ pé inú atẹ́gùn ilé òun ni ó ti ń wá.

Ní ọdún 2019, mo lọ sí ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti lọ bá ọmọbìnrin mi wẹ ọmọ. Oṣù mẹ́fà ni mo lò. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé bí àwọn ọmọ bá ti jáde lọ sí ibi iṣẹ́, ìwọ àti ọmọ ọwọ́ nìkan ni yóò kù nílé, tí ẹ ó máa wo ara yín lójú. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí mo rí àwọn obìnrin Yorùbá nínú ìjọ tí ọmọ mi ń lọ, tí wọ́n máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé láti ka Bíbélì, láti gbàdúrà, àti láti jẹ mọ́ínmọ́ín.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó ni ó ń ṣe. Ó ti yọ̀ǹda pé kí n sọ ìtàn òun, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun, nítorí náà arábìnrin wa ni èmi yóò máa pè é. Bí ó bá wọlé, ẹ̀yìn pátápátá ni yóò jókòó sí. Kì í bọ ènìyàn lọ́wọ́. Ó máa ń wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn, bẹ́ẹ̀ ooru ìlú Houston ní oṣù Kẹjọ kì í ṣe kékeré. Mo kọ́kọ́ rò pé ìgbéraga ni. Kí Olúwa dárí jì mí.

Nígbà tí ó gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ó wá bá mi ní ilé ọmọ mi ní ọjọ́ kan tí kò sí ẹlòmíràn nílé. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà. Egbò kún apá rẹ̀ méjèèjì, tuntun àti èyí tó ti jinná tó fi àpá sílẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gún un kiri. Ó ní, “Màmá, nǹkan kan ń rìn lábẹ́ awọ ara mi. Bí alẹ́ bá lẹ́, yóò máa ta mí, yóò máa bù mí jẹ.” Ó ní fọ́nrán òwú ni ó ń ti ara òun jáde, aláwọ̀ búlúù, pupa àti dúdú, àti pé inú ilé òun ni wọ́n ti ń fò. Ó ní òun máa ń rí wọn bí oòrùn òwúrọ̀ bá gba ojú fèrèsé wọlé, tí wọ́n ń jáde láti ihò ẹ̀rọ amúlétutù lókè àjà, tí wọ́n ń bà lé ibùsùn, lé oúnjẹ, lé ojú òun. Ó ti hú kápẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ dànù. Ó ti kó kọ́tìnì àti tìmùtìmù jù sí ààtàn. Ó ti fi bílíìsì wẹ̀, bílíìsì tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ẹ̀yin ènìyàn mi! Òru mìíràn wà tí ó jẹ́ inú mọ́tò ni ó ń sùn, kí òwú ilé má baà bá a.

Lẹ́yìn náà ó mú ìgò kékeré kan jáde láti inú àpò rẹ̀. Ó ti ń kó àwọn fọ́nrán náà jọ sínú rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún kan. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun fún ènìyàn.

Mo wo ìgò náà. Ẹ gbọ́ ohun tí èmi nọ́ọ̀sì, èmi olórí kíláàsì, sọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Arábìnrin mi, òwú aṣọ ni èyí mà!” Ó dé ìgò rẹ̀ padà, ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi ojú kàn án.

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ. Òwú aṣọ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí mo sọ náà ni ó lé e jáde kúrò nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín nípa àìsàn yìí, nítorí kì í ṣe arábìnrin wa nìkan ni ó ń ṣe. Àwọn tó ń ṣe ń pè é ní Morgellons. Ìyá kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni ó mú orúkọ náà jáde ní ọdún 2002, lẹ́yìn tí egbò yọ sí ẹ̀bá ètè ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré, tí ó sì sọ pé òun rí fọ́nrán nínú rẹ̀. Inú lẹ́tà kan tí Thomas Browne, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, kọ ni ó ti mú un, lẹ́tà tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1690 lẹ́yìn ikú rẹ̀, tó mẹ́nu kan àwọn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Faransé tí irun líle ń hù sí lẹ́yìn. Kò jọ pé nǹkan kan náà ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara ń ni, tí gbogbo dókítà ń sọ fún pé àwọn kò rí nǹkan kan, orúkọ èyíkéyìí tó bá rí ni yóò gbá mú.

Àwọn tó ń ké pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, CDC, fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní àríwá California ní ọdún 2008. Wọ́n rí ènìyàn 115 tí irú rẹ̀ ń ṣe. Nínú ènìyàn mẹ́rin, ó lé ní mẹ́ta tó jẹ́ obìnrin, ọjọ́ orí wọn sì wà ní ìwọ̀n ọdún 52, àwọn ẹgbẹ́ wa gan-an. Wọ́n yẹ ara wọn wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n kó àwọn fọ́nrán náà lọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2012 ni wọ́n gbé èsì jáde: wọn kò rí kòkòrò kankan tó ń fa àrùn náà, wọn kò sì rí ohun kan nínú àyíká wọn. Òwú ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn fọ́nrán náà, irú èyí tí a fi ń hun aṣọ. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé ọkàn ni ó ń sọ fún ẹni náà pé kòkòrò wà lára rẹ̀, nǹkan tí Ekbom, oníṣègùn ará Sweden kan, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ọdún 1938. Àwọn díẹ̀ wà tí wọ́n ní àrùn kan tí eégbọn ń kó ranni ni ó fà á, ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù kò gbà fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí èyí. Ìwádìí kan náà tó sọ pé òwú lásán ni, ni ó sọ pé ìgbé ayé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti bàjẹ́ gidigidi, pé àárẹ̀ mú wọn. Egbò ara wọn kì í ṣe àlá. Yíyún náà kì í ṣe irọ́, ẹni tí ara ń yún mọ̀ pé ara ń yún òun. Bí ó bá họ ọ́, yóò di egbò; egbò yóò máa ṣe omi; fọ́nrán aṣọ àti ti ibùsùn yóò lẹ̀ mọ́ omi egbò náà; bí ó bá wò ó ní òwúrọ̀, yóò rí òwú nínú ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò parọ́ fún un. Ó rí òwú lóòótọ́.

Mo dán nǹkan kan wò láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Mo mú sẹ́lótéèpù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá ara mi, mo sì fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Háà! Búlúù, pupa, dúdú, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, láti ara ìró mi, láti ara súwẹ́tà, láti ara aṣọ ìnura. Kò sí ilé tí irú rẹ̀ kò sí. Inú mi dùn pé mo ti rí ẹ̀rí. Mo ní kí ọmọ mi gbé mi lọ sí ilé arábìnrin wa, mo sì na sẹ́lótéèpù náà sí i. Ó wò ó dáadáa. Ó gbójú sókè, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ ṣe é jẹ̀jẹ̀. Ó ti ràn yín.”

Mo jókòó. N kò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu mọ́. Bóyá ìyẹn gan-an ni Olúwa ń fẹ́, kí n kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje àti òru méje tí wọ́n fi jókòó tì í lórí ilẹ̀ láìsọ̀rọ̀ (Jóòbù 2:13). Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni ìyọnu bẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, orí kẹrìnlá ìwé Léfítíkù ni ó kàn wá. Mo jẹ́wọ́ fún yín pé orí ìwé yìí ni mo máa ń fò bí mo bá ń ka Bíbélì já lọ́dọọdún. Ta ni ó fẹ́ ka ọ̀rọ̀ ẹ̀tẹ̀, irun fífá àti ẹyẹ méjì? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó dà bí ẹni pé ìtànṣán oòrùn bọ́ sí i. Ọlọ́run ń bá Mósè àti Áárónì sọ̀rọ̀ nípa àrùn tó wọ ilé. Kì í ṣe àrùn tó wọ ènìyàn, ilé ni. Ní orí tó ṣíwájú, ó ti sọ̀rọ̀ nípa àrùn tó wọ aṣọ, aṣọ irun àgùntàn àti aṣọ ọ̀gbọ̀, yálà nínú òwú tó gùn tàbí nínú òwú tí a hun dábùú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run wa kò ka ọ̀rọ̀ òwú sí yẹ̀yẹ́. Àwọn olùkọ́ Bíbélì kan rò pé ohun tí ń hù sára ògiri nítorí ọ̀rinrin, irú èyí tí ń mú kí búrẹ́dì bu, ni ó wà nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn, nítorí a sọ pé ó ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ pupa.

Ẹ kíyè sí ètò náà. Ẹni tó ni ilé yóò tọ àlùfáà lọ, yóò ròyìn ohun tó jọ lójú rẹ̀. A kò ní kí ó mú ẹ̀rí wá. Àlùfáà kò ní kí ó padà sílé kí ó lọ sinmi. Kí àlùfáà tó dé, yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó ẹrù jáde, kí ó má baà di pé gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ní di aláìmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí àánú! Ó ń ro ti ìkòkò àti ẹní wọn. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé náà, yóò sì wò ó. Kò ní dájọ́ lójú ẹsẹ̀, yóò ti ilé náà fún ọjọ́ méje, yóò sì tún padà wá wò ó. Bí ó bá pọn dandan, wọn yóò yọ òkúta díẹ̀, wọn yóò ha ògiri, wọn yóò tún un rẹ́, àlùfáà yóò sì tún wá. Bí kò bá sì sí àrùn mọ́, àlùfáà kan náà ni yóò kéde pé ilé mọ́, tí onílé yóò lè sùn.

Èmi kò ṣe ọ̀kan nínú gbogbo èyí. Orí àga ìrọ̀gbọ̀kú ọmọ mi ni mo jókòó sí tí mo ti dájọ́ ilé tí n kò tíì dé.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí, pé kò kàn wá. Bí ọ̀rọ̀ fọ́nrán tí ń fò ni, ta ni kò mọ wèrèpè nínú wa? Atẹ́gùn yóò fẹ́ irun ara rẹ̀ lu ènìyàn lóko, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ra sí ìhòòhò níbi tó ti ń họra. Òwú igi àràbà sì ń fò kiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo wa ń rí i. Ẹni tó bá ti kékeré mọ wèrèpè kì í ṣe òmùgọ̀ bí ó bá rò pé ohun tí ń fò ni ó ń yún òun. Bí ó bá sì jẹ́ ti ohun tí ń rìn lára ni, àwọn baba wa ti mọ òde orí, tí ẹni náà yóò máa sọ pé nǹkan ń rìn nínú orí òun, pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ara, pé etí òun ń hó, tí àyà rẹ̀ yóò máa já. Dókítà Makanjuola, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn ọpọlọ wa, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1987 kí àwọn oníṣègùn òkèèrè lè mọ̀ ọ́n. Nígbà mìíràn sì rèé, kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́! Àwọn ará ìgbèríko létí odò mọ yíyún ara tí eṣinṣin dúdú kékeré máa ń fà, èyí tó ń fi aràn tín-ín-rín sábẹ́ awọ, tó sì lè fọ́ ènìyàn lójú. Ẹni tó bá sọ fún dókítà níbẹ̀ pé nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ òun, òótọ́ pọ́ńbélé ni ó ń sọ, oògùn rẹ̀ sì wà.

Nítorí náà, bí arábìnrin kan bá wá pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí ó rí dókítà ná. Kúrúnà lè wà níbẹ̀. Àtọ̀gbẹ lè fa kí nǹkan máa rìn ní ara, àìsàn kíndìnrín lè fa yíyún, oògùn mìíràn tí ènìyàn ń lò lè fà á. Dídáwọ́ nǹkan oṣù dúró náà lè mú kí ó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn lára obìnrin. A kì í sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ó wà bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí sì mọ ohun tí mò ń wí.

Nígbà tí mo padà lọ bá arábìnrin wa lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì náà, n kò mú sẹ́lótéèpù lọ. Ọbẹ̀ ewédú àti àmàlà ni mo gbé lọ. Mo ní kí ó mú mi yí ilé ká. Ó fi ihò ẹ̀rọ amúlétutù hàn mí, ó fi fèrèsé hàn mí, ó fi ilẹ̀ gbọlọjọ tí kò sí kápẹ́ẹ̀tì hàn mí. Mo wo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó bi mí bóyá mo rí wọn, mo ní mo rí òwú, n kò sì mọ̀ bóyá òun ni ó ń fa ìyà tó ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mo rí ìyà náà, mo sì gbà á gbọ́. Irọ́ kò sí nínú rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú láìsí ìbọ̀wọ́. Ó ní ó ti tó ọdún kan tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan òun.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìwé Máàkù. Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú àìsàn fún ọdún méjìlá. Máàkù kò fi bò: ó ní àwọn oníṣègùn púpọ̀ ti fi ìyà jẹ ẹ́, ó ti ná gbogbo owó rẹ̀ tán, ńṣe ni ó sì ń burú sí i. (Lúùkù tó jẹ́ oníṣègùn fún ara rẹ̀ fò ọ̀rọ̀ ìyà yẹn dá nígbà tí ó ń sọ ìtàn kan náà. Èmi náà jẹ́ nọ́ọ̀sì, n kò dá a lẹ́bi.) Jésù ń lọ sí ilé Jáírù, ọmọdé ń kú lọ lọ́hùn-ún. Obìnrin náà fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀, ìsun ẹ̀jẹ̀ sì gbẹ. Iṣẹ́ ti parí, kí ni ó tún kù? Ṣùgbọ́n Jésù dúró. Ó dúró kí obìnrin náà lè sọ gbogbo òótọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde níwájú ènìyàn, ọdún méjìlá gbáko, nígbà tí Jáírù ń jẹ ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sì pè é ní ọmọbìnrin òun.

Baba wa John Wesley náà mọ èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ pé ó tẹ ìwé ìṣègùn kan jáde ní ọdún 1747, Primitive Physick, nítorí àwọn tálákà tí kò lówó dókítà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìwé ìrántí rẹ̀ ti oṣù Karùn-ún ọdún 1759 tí mo fẹ́ràn ju ìyẹn lọ. Ó sọ nípa obìnrin tálákà kan tí inú ń run láìdáwọ́ dúró, tí àwọn dókítà ń fún ní oògùn lórí oògùn. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Nígbà tí a bi í, a rí i pé ikú ọmọ rẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ́ nínú. Ó bí Wesley nínú pé àwọn oníṣègùn kò wádìí ọkàn pẹ̀lú ara.

Èmi náà béèrè. A ti jẹun tán, a ń fọ abọ́. Mo ní, “Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀?” Ó dákẹ́ títí omi fi tutù nínú báńsínì. Ó ní ìyá òun kú nílé ní ọdún 2017. Ìwé ìgbélùú òun kò tíì pé, bí òun bá jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, òun kò ní lè wọlé mọ́, àwọn ọmọ òun sì wà níbẹ̀. Òun ni àkọ́bí. Orí fóònù ni ó ti wo bí wọ́n ṣe ń sọ ìyá rẹ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan ti sọ fún un pé òkú ìyá rẹ̀ kò ní gbàgbé. Ó ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà ni nǹkan àkọ́kọ́ rìn lápá òun.

N kò sọ pé ohun tó fà á nìyẹn. N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà mẹ́ta ni ó ti rí i, kò sí èyí tó béèrè.

Èyí tó sì dùn mí jù ni ti àwa ará inú ìjọ. Àwọn kan ti sọ fún un pé ayé ni ó ń ṣe é láti ilé. Wòlíì kan ti sọ lórí fóònù pé aṣọ òkú ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń ya fọ́nrán rẹ̀ sí i, ó sì ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ wò ó bí ó ti burú tó! Ẹni tí ẹ̀rù òwú ń bà, a tún wá fún òwú náà ní ẹsẹ̀ àti orúkọ. Ẹ̀yin ìyá, bí a kò bá rí ìran, kí a má sọ pé a rí i. Kí a má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó da oògùn rẹ̀ nù kí a lè mọ̀ pé ó ní ìgbàgbọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó fi bílíìsì, kẹrosíìnì tàbí oògùn apakòkòrò pa ara, ìwọ̀nyí ń jó awọ ara, wọ́n sì lè pa ènìyàn. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ayé sú òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ pe àwọn ẹbí rẹ̀, ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ní Aró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954 ni Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n má baà wà ní àdádó. Ẹgbẹ́ wa lè ṣe irú rẹ̀ láìní ilé ìwòsàn.

Mo bá a lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà kẹrin, dókítà awọ ara, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìgò náà, ó yẹ ara rẹ̀ wò, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ó ní òun kò rí kòkòrò, òun kò sì mọ ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun lè tọ́jú egbò, òun lè dín yíyún kù, òun sì lè mú kí ó rí oorun sùn. Oògùn tí wọ́n sábà máa ń lò fún àrùn ọpọlọ wà nínú ohun tí ó fún un, díẹ̀ gan-an, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un láìfi pamọ́. Arábìnrin wa kọ́kọ́ kọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìgò oògùn náà fi wà lórí tábìlì láìṣí i. Mi ò bá a jà. Mo ń lọ ní gbogbo ọjọ́bọ̀, a ń jẹun, a ń ka Sáàmù. Ní ọjọ́bọ̀ kẹta, ó ní òun ti lo ó ní alẹ́ mẹ́rin.

Kí n tó padà wálé, àwọn egbò náà ti ń san. Ṣé ó ti wá sàn pátápátá? Rárá. Ẹ má jẹ́ kí n fi ẹ̀rí èké yin Ọlọ́run. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún tó wà nínú ara rẹ̀, kò sì sọ irú ẹ̀gún tó jẹ́ fún wa títí di òní (Kọ́ríńtì Kejì 12:7-9). A kò gbà á kúrò lára rẹ̀. Oore-ọ̀fẹ́ ni a fi kún un.

Ó pè mí lórí fóònù ní oṣù tó kọjá. Ìwé rẹ̀ ti pé báyìí. Ó ní òun ṣì máa ń rí wọn nígbà mìíràn ní ojú oòrùn, ṣùgbọ́n òun kò kó wọn sínú ìgò mọ́. Ó ní òun ń bọ̀ nílé ní oṣù Kejìlá láti lọ wo sàréè ìyá òun, ó sì béèrè bóyá òun lè kọ́kọ́ dé sọ́dọ̀ mi fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹsẹ̀ òun lè balẹ̀ kí òun tó dojú kọ ẹbí. Mo ní kí ó máa bọ̀. Kọ́tìnì yàrá àlejò mi ti gbó, ó ń já òwú. Mo ti tú u sílẹ̀, mo sì ti ká kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kúrò. Ẹ bá wa gbàdúrà fún ìrìn àjò rẹ̀.